Ààrò Tí Kò Lórúkọ Ọkọ

Ìyá mi ò sunkún lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé. Ó ń yí ẹja padà lórí ààrò, ó ní kí n sún sẹ́yìn torí pé mo ń dí atẹ́gùn lọ́nà. Mo sún sẹ́yìn. Ibi tí mo ti ń sún sẹ́yìn náà ni mo gbà lọ. Ẹni tí kò bá mọ àwa ará etíkun á rò pé a jà ni.

Ìlú wa wà létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lórí ẹrẹ̀ àti pákó. Mo ní ó wà, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òkun ti jẹ ilé ẹ̀kọ́, ó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ ojúlé mẹ́ta tó wà níwájú tiwa. Kó tó kàn wá ni ọkọ mi ti bá àwọn kan lọ pẹja ní Kamẹrúùnù. Kò padà. Àwọn kan ní omi ló gbé e, àwọn kan ní obìnrin ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo di ẹrù, mo wá bá àbúrò ìyá mi ní Bàríga. Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé. Mo ṣáà dé.

Àǹtí mi yìí ni gbogbo etí ọ̀sà ń pè ní Ìyá Ìbùkún. Ó ti ń yan ẹja níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣì wà ní kékeré. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbùkún, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀; bó bá ti kí ọ láàárọ̀, ó ti sọ ti ọjọ́ náà tán. Wọ́n fún mi ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kan nínú yàrá wọn, wọ́n fún mi ní abọ́, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀.

Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ra igi ní Èkó. Nílé wa, igi wà létí omi, àdá nìkan lo máa mú dání. Ní Bàríga, ọkùnrin kan ló máa ti ọmọlanke pákó àjẹkù dé láti ilé ìlagi, á sì dúró tì ọ́ títí o fi máa sanwó. Omi ibẹ̀ náà kò yé mi. Ọ̀sà dúró jẹ́ẹ́, kò bínú, kò pariwo, ó kàn gbé ọ̀rá dání. Mo bi Àǹtí mi bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Ó ní bí omi Èkó ṣe ń ṣe nìyẹn, kí n má wulẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Bí mo bá lanu, àwọn ọmọdé àdúgbò á máa rẹ́rìn-ín sí èdè mi. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni bàbá tiwọn náà ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ti di ará Èkó, èmi ni ará oko. Èdè ilé wa wá di ohun tí à ń sọ nínú yàrá nìkan. Bí a bá ti ń jáde, a máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "èló ni?" títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti kú, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ fún mi.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn, ilé tirẹ̀ dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe létí omi wa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ọkùnrin ló ń pẹja. Bó bá ti gúnlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó máa rà á. Àlejò á ní, ṣebí ọkọ rẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ni, ó sì máa rà á, wọ́n á ná an, wọ́n lè bínú síra wọn lórí ẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti rà á tán, ẹja ti di tirẹ̀. Òun ló máa yan án, òun ló máa tà á. Ọkùnrin kì í gbé ẹja ara rẹ̀ lọ sọ́jà. Wọ́n ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹja ọ̀la á gbọ́, kò sì ní wá. Ààrò tí a fi ń yan án ńkọ́? Obìnrin ló ń po amọ̀, òun ló ń to búlọ́ọ̀kù, òun ló ń na wáyà lé e lórí. Bí òjò bá wó o, òun náà ló máa tún un mọ.

Èmi tí mi ò lọ́kọ níbẹ̀, ohun tí àwọn ìyàwó bá ṣẹ́kù ni mò ń rà. Ẹ̀gbẹ́ ààrò Àǹtí mi ni mo ti ń yan án. Bó bá gbẹ tán, màá gbé e gba Fọlá Àgòrò lọ sí Ìgbóbì, níbi tí wọ́n ti ń to eegun, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn fẹ́ràn ẹja tí kò ní yanrìn. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí kì í kí mi. Á ṣí abọ́, á gbóòórùn ẹja, á mú tirẹ̀, á lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan àtààbọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣí abọ́, ó ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ ò wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìgbóbì padà sí Bàríga lọ́jọ́ náà, mi ò wọ kẹ̀kẹ́. Inú mi dùn. Ẹnì kan nílùú Èkó ti mọ̀ pé mi ò wá.

Lọ́dún kẹta mo mọ ààrò tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àǹtí mi. Ó wọ́ díẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi tò ó tọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pe ìyá mi. Ó ní láti rìn dé ìparí afárá pákó kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo máa ń gbọ́ òkun lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ òkun náà jìnnà. Nígbà tó yá, mo ní láti máa sọ fún un pé kó gbóhùn sókè.

"Màámi, ẹ wá sí Èkó."

"Wá ṣe kí ni?"

"Ẹ wá sinmi."

"Mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

Ìyá mi lágídí, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, owó ẹja ló fi kọ́ ilé tó wà nínú rẹ̀ yẹn. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ wàhálà, àwọn kan wá láti kọ orúkọ àwọn tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Wọ́n béèrè olórí ilé. Ó ní òun ni. Wọ́n ní rárá, olórí ilé. Wọ́n bá kọ orúkọ àbúrò bàbá mi, tó ń gbé ní Òkìtìpupa, tí òkun ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n fún un ní ìrẹsì àti màtírẹ́ẹ̀sì. Ó ní bẹ́ẹ̀dì nílé tẹ́lẹ̀.

"Gbọ́, ọma mi," ìyá mi ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ nílé wa nìyẹn. "Mi ò ní wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ kí n máa wo tẹlifíṣàn bí ẹni tó ń dúró de ikú. Bí etí omi bá wà níbẹ̀ tí mo lè mọ ààrò tèmi sí, tí kì í ṣe ti ọkọ ẹnikẹ́ni, màá wá. Bí kò bá sí, kí òkun wá bá mi níbí. A ti mọra."

Láti ọjọ́ náà, ààyè ààrò kan fún ìyá mi ni gbogbo ohun tí mò ń wá láyé. Ààyè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á, mo sì ń dá owó amọ̀ jọ.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn nígbà tí Dókítà Fúnmi wá. Nígbà tí wọ́n ní dókítà ń bọ̀, mo ti ká apá aṣọ sókè, mo rò pé abẹ́rẹ́ ni. Kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa bí ọ̀rọ̀ obìnrin ṣe bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi tan. Wọ́n kó wa lọ sí gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Pedro. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ le débi pé gbogbo àwa tí iná ti mọ́ lára bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ̀yin màmá mi," ó ní, "ojú tí ayé fi ń wo obìnrin, òun náà ni wọ́n fi ń wo ilẹ̀ àti omi. Wọ́n gbà pé ohun tó bá ń fúnni ní nǹkan, kò yẹ kó béèrè nǹkan."

Àǹtí mi nawọ́.

"Ẹ dákun, ṣé ohun tí ẹ̀ ń sọ ni pé bákan náà ni èmi àti ọ̀sà?"

"Lọ́nà kan, bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ń kó nǹkan lára wa, wọn kì í bi wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n á tún wá da ìdọ̀tí lé wa lórí."

Dókítà Fúnmi ní ohun tí òun fi ọdún mẹ́rin kọ sínú ìwé nìyẹn. Àǹtí mi jókòó, ó ní kí wọ́n bá òun dín òtútù náà kù.

Wọ́n fún wa ní tíṣáàtì tí wọ́n kọ "Obìnrin ni ìyá ilẹ̀" sí láyà. Sátidé tó tẹ̀lé e, a ṣe ìmọ́tótó etí omi. Torí pé obìnrin ni ìyá ilẹ̀, obìnrin ló kó ọ̀rá. Àwọn ọkùnrin náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n yan Kọ́mítì Àyíká, wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń wo bí a ṣe ń kó o. Nígbà tí a ṣe tán, alága ẹgbẹ́ apẹja, tí gbogbo wa ń pè ní Alága, dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ́mítì fún iṣẹ́ takuntakun. Mo wo ojú Dókítà Fúnmi. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan nínú àwọn tó bá a wá ní obìnrin sún mọ́ ilẹ̀ ju ọkùnrin lọ, pé ìfẹ́ rẹ̀ ti wà lára wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀sà. Ọ̀sà ń rùn. Mo sún mọ́ ọn torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é ní ìyá rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí mi ò sọ ní gbọ̀ngàn. Igi tí à ń gé nílé wa, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn, òun ló ń di ẹrẹ̀ mú kí òkun má bàa wọlé. Àwọn ọkùnrin kọ́ ló gé e. Àwa obìnrin ni, nítorí ẹja yíyan. Lóòótọ́, àwọn elépo rọ̀bì la ipa omi gba àárín rẹ̀, omi iyọ̀ sì pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdá wà lọ́wọ́ ìyá mi, ó sì wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í lórí fóònù bóyá ó mọ̀ nígbà yẹn.

"Mo mọ̀. Ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé igi yẹn ń ṣọ́ wa. Mo ní kó wá sọ ohun tí màá fi dáná. Kò rí nǹkan sọ."

Omi ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní bí òun bá tún rí irú igi bẹ́ẹ̀, òun ò ní gé e mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni àwọn oníyanrìn dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n á máa kó o jọ sí. Etí omi wa ni wọ́n fẹ́, gbogbo rẹ̀, láti ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ dé ibi ààrò tó gbẹ̀yìn. Ààyè ìyá mi wà láàárín. Mítíìnì wáyé nínú ilé Alága. Wọ́n pe àwa obìnrin sí i. A gbé mínírà wọlé, a gbé e kalẹ̀, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún wa, a jáde.

Nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n to gbogbo ààrò sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin tó ni ín, pé onítọ̀hún gbà kí wọ́n wó o. Ti Àǹtí mi, Bàbá Ìbùkún ló ni ín. Tèmi fún wọn ní wàhálà díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gbìmọ̀, wọ́n bi Bàbá Ìbùkún ní orúkọ ọkọ mi, ó sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kan sì bá a tẹ̀ka. Ọkọ mi tó wà ní Kamẹrúùnù, tàbí tó wà nísàlẹ̀ òkun, tí kò fojú kan Bàríga rí láyé rẹ̀, òun náà ti gbà kí wọ́n wó ààrò mi.

A lọ bá Alága. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní kí a jókòó.

"Ẹ má bínú. Bí a ṣe bá a nìyí. Ilẹ̀ ni tọkùnrin, ẹja ni tobìnrin. Ẹ wò ó, ṣé a dá sí ọ̀rọ̀ ẹja yín rí?"

Àǹtí mi bi í pé, "Ẹja ni tiwa?"

"Tiyín ni."

"Ó dáa, sà."

Alága rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tilẹ̀ sọ fún àwọn èèyàn pé òun ti bá àwọn obìnrin sọ ọ́, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, àwọn ọkọ̀ gúnlẹ̀. Bàbá Ìbùkún gbé agbọ̀n epìyà àti ọ̀bọ̀kún sílẹ̀, ó dúró. Àǹtí mi ń fọ ẹsẹ̀.

"Kò wù mí lónìí," ó ní. "Alága ní ẹja ni tèmi. Èmi ni màá sọ bó bá wù mí."

Kò wu ẹnikẹ́ni nínú wa. Gbogbo wa jókòó sórí àpótí, ọwọ́ lẹ́rán. Àwọn ọkùnrin wo ẹja, wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ti gbàgbé pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí ẹja ṣe ń kúrò létí omi. Ní tiwọn, wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀, á sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi ọkọ̀ gbé ẹja lọ sí etí omi òdìkejì. Àwọn obìnrin ibẹ̀ wò wọ́n, wọ́n bi wọ́n pé, "Ìyàwó yín dà?" Ẹja padà wá sílé. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Ìbùkún ní òun á yan tòun fúnra òun. Ó kó gbogbo igi síná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń da omi lójú nínú èéfín, a sì ń wò ó. Nígbà tó ṣe tán, ìta ẹja ti di èédú, inú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Àǹtí mi wo ẹja náà pẹ́. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan o.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Alága wá bá mi nídìí ààrò mi. Ó fa àpótí, ó jókòó. Ó pè mí ní ọmọ òun.

"Ìwọ ò lọ́kọ níbí. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni wọ́n ń jà. Kí ló kàn ọ́?"

"Ààrò mi ni wọ́n fẹ́ wó, sà."

"Mo lè yọ tìẹ. Mo sì gbọ́ pé o fẹ́ ààyè fún màmá ẹ. Màá fún ẹ ní méjì, ní ìkọjá ààrò tó gbẹ̀yìn, níbi tí yanrìn ò ní dé. Ṣáà gba agbọ̀n kan lónìí, kí àwọn tó kù rí i pé ẹnì kan rà á."

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo lé e lọ. Mi ò lé e lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ náà ni ìyá mi ti pè mí pé òkun ti gbé ilé ìdáná òun, tòun ti ìkòkò. Mo gba agbọ̀n náà, mo dáná sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí èéfín Bàbá Ìbùkún, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ojú ọ̀run ti mọ́ lórí etí omi wa. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá lórí afárá gígùn orí ọ̀sà á ti máa rò pé a ti kó lọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, èéfín kan ṣoṣo gòkè. Kò sẹ́ni tó ní láti béèrè pé ti ta ni.

Àǹtí mi wá. Ó jókòó sórí àpótí tí Alága fi sílẹ̀. Ó nawọ́, ó yí ẹja kan padà, nítorí pé ó ti fẹ́ jóná.

"Ẹja yìí dára," ó ní.

Ó dìde, ó lọ. Ì bá tiẹ̀ bú mi. Ìtìjú bá mi débi pé mi ò mọ ooru iná mọ́. Obìnrin tó fún mi ní ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀, tó pín ààrò rẹ̀ sí méjì nítorí mi, èmi ni mo fi èéfín sí i lójú.

Mo pe ìyá mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́: mo fẹ́ kó ní ó dáa, pé nítorí òun ni.

"Ààrò méjì tó fún wa yìí," ó ní, "orúkọ ta ló máa kọ sí tèmi?"

"Á kọ ọ́ mọ́ tèmi, Màámi."

"Orúkọ ta ló wà lórí tìẹ?"

Mo fa igi kan kúrò nínú iná.

"Orúkọ ọkọ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò ní kúrò níwájú òkun kí n wá máa tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àna tí a ò mọ̀ bóyá ó wà láyé. Gbé ẹja ẹlẹ́ja fún un."

Mo kó o kúrò lórí iná, mo rù ú dé ẹnu ọ̀nà Alága, mo sọ̀ ọ́.

"Kò tíì jinná," ó ní.

"Mo mọ̀, sà."

Mo padà síbi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó sún. Mo dúró níbẹ̀ nínú oòrùn bí igi iná mànàmáná. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àǹtí mi tó fa ìró rẹ̀ sí abẹ́ itan, àyè sì ṣí. Mo jókòó síbẹ̀. Mo ti lo ọdún márùn-ún ní Bàríga, mo ti ní ààrò, mo ti ní oníbàárà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní ọjọ́ tí mo débẹ̀, ọjọ́ yẹn ni màá sọ.

Ní ọjọ́ kẹfà, òórùn ẹja ti dé inú ilé Alága, wọ́n pe mítíìnì. Wọ́n ṣe é níta, létí omi, a ò sì gbé mínírà. Dókítà Fúnmi wá, ó jókòó lẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀, mo yìn ín fún ìyẹn. Àwọn ọkùnrin sọ tiwọn. Wọ́n ní àwa náà ń da ìpẹ́ àti ọ̀rá sómi, pé táyà àti ọ̀rá la fi ń tanná, pé èéfín wa ń ba àyà ọmọ jẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àǹtí mi ní òótọ́ ni, àwa á fi í sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da ọ̀rá sómi," ó ní, "àti ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi lọ, ẹ má kọ wọ́n sórí ìlà kan. A ti fi ìlú wa tó wà létí òkun dán an wò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń parí, ẹ bi ọmọ yìí."

Wọ́n bi mí. Mo sọ ti ilé ẹ̀kọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ojúlé mẹ́ta, ti ilé ìdáná. Mo sọ ti igi tí èmi pẹ̀lú gé. Bàbá Ìbùkún, tí kì í sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lórí ààrò tí òun ò mọ̀ ọ́n fi yan ẹja.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé a borí. Àwọn oníyanrìn ṣì gba apá òkè. Ẹ̀rọ wọn ń ké láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, omi ti pọ́n, àwọn ọkọ̀ wa sì ní láti jìnnà kí wọ́n tó rí ẹja. Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀, níbi tí ààrò wà, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ra ìwé tuntun, wọ́n ní ẹni tó bá mọ ààrò ni kí wọ́n kọ. Nígbà tó kàn mí, orúkọ mi gba ìlà kan. Mo dúró wò ó títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi wúkọ́.

Ìyá mi dé nígbà òjò, pẹ̀lú báàgì kan àti wáyà ààrò rẹ̀ tó ká bí ẹní. Mo mú un lọ wo ọ̀sà. Ó wò ó dáadáa.

"Ó dákẹ́ jù," ó ní. "Ohun tó bá dákẹ́ báyìí, ó ń ro nǹkan."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi mọ ààrò rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan amọ̀. Àwọn ọmọdé yí i ká, wọ́n ń fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń fi tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́ padà. Ní ọjọ́ karùn-ún mo mú un lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Alága jókòó sí tòsí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Akọ̀wé béèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó béèrè ìlú rẹ̀, ó sọ ọ́. Akọ̀wé gbé bírò sókè. Ìwé ti yí padà, ẹnu rẹ̀ ò tíì yí padà.

"Ta ló mú yín wá síbí, mà? Ọkọ yín ńkọ́?"

Mo ti la ẹnu. Ìyá mi fọwọ́ kàn mí.

"Òkun ló lé mi wá," ó ní. "Nígbà tó dé ilé mi, kò béèrè ọkọ mi."

Akọ̀wé wo Alága. Alága wo omi. Akọ̀wé kọ orúkọ ìyá mi sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní ta ló kàn.